Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ ló ń gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ là

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó lójú ọ̀nà márosẹ̀ kò ní ṣàì rí i: ọkọ̀ kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ooru á máa rú túú láti inú rẹ̀, awakọ̀ á dúró ti ike omi, àwọn èrò á sì jókòó sórí koríko pẹ̀lú ẹrù wọn. Kí onítọ̀hún tó dé Ògèrè, á tún ti rí mìíràn. Bí wọ́n bá bi irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, èsì rẹ̀ kì í yàtọ̀: “Ọkọ̀ yìí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ o, ó kàn dédé gbóná ni.”

Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ń jẹ́ dédé nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó ti lè tó oṣù kan tí ẹ́ńjìnnì náà ti ń ránṣẹ́. Omi ń dín díẹ̀díẹ̀ nínú rádíétọ̀, ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ lálaalẹ́ níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, bẹ́líìtì ń han goorogo láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹni tí wọ́n rán iṣẹ́ náà sí ni kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé gbogbo Sátidé ni wọ́n ń fọ ọkọ̀, wọ́n á fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ ara rẹ̀, wọ́n á kun táyà títí tí yóò fi máa dán bí bàtà ọkọ ìyàwó, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀ ọ̀hún, wọn kò mọ ibi tí gééjì ọ́ìlì rẹ̀ wà.

Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ kò rí báyìí. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry. Àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò tó ra Peugeot 504 tàbí Volkswagen tí wọ́n ń pè ní ìjàpá nígbà náà kì í kàn wọ inú ọkọ̀ kí wọ́n sì wà á lọ. Baba á kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fa gééjì yọ, á fi àkísà nù ún, á tún un kì bọ̀ ọ́, á wò ó. Bó bá jẹ́ 504 ni, á yẹ omi wò. Ìjàpá ní tirẹ̀ kò ní rádíétọ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ọ̀hún sì wà. Ọmọ tó bá dìde láàárọ̀ yóò bá baba rẹ̀ nídìí ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe ń mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà dé ni ọ̀pọ̀ èèyàn káwọ́ kúrò. Wọ́n gbà pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Òótọ́ ni pé kò sí kábúrétọ̀ tí wọ́n lè máa tún ṣe nídìí Corolla tòkunbọ̀ tó wọ̀lú lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò yọ ọ́ìlì kúrò, kò yọ omi kúrò, kò sì yọ afẹ́fẹ́ kúrò. Àwọn ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì láyé ìjàpá náà ló ń pa á títí dòní.

Ohun tó sì wà nínú ewu kì í ṣe kékeré. Láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, jálá epo tí kò tó igba náírà (N200) tẹ́lẹ̀ fò sókè lọ sí nǹkan bíi N500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ó ti lé ní N1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ohun èlò ọkọ̀ náà kò dúró síbi tó wà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ N70,000, kò sì sí ọjà kankan, yálà Ládìpọ̀ ní Mushin tàbí Gate ní Ìbàdàn, tí wọ́n ti lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ gbé odindi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó dára wálé. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá nọ́ọ̀kì lónìí, ọmọ rẹ̀ lè má lọ sí iléèwé lóṣù tó ń bọ̀.

Ọ́ìlì ló yẹ kó ṣáájú nínú ìtọ́jú yìí, nítorí òun ni ẹ̀jẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Nínú ẹ́ńjìnnì, irin ń yí lórí irin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn jẹ kò ju ìpele ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lọ. Bí ọ́ìlì bá tán tàbí tó bá ti gbó jù, irin á kan irin, ooru á gorí ooru, àwọn irin rírọ̀ tó gbé ọ̀pá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì dúró á jẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀. Ìró yẹn ni mẹkáníìkì máa ń gbọ́ tí yóò fi mi orí, tí yóò ní: “Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì yín ti nọ́ọ̀kì.”

Láti yẹ ọ́ìlì wò, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà, kí ẹ́ńjìnnì sì ti sinmi, àárọ̀ kí wọ́n tó ṣáná sí i ló dára jù. Wọ́n á fa gééjì yọ, wọ́n á nù ún mọ́, wọ́n á kì í bọ ibẹ̀ dé ìdí, wọ́n á tún fà á yọ. Àmì méjì ló wà lára rẹ̀, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Àárín méjèèjì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà. Àwọn kan máa ń rò pé bó bá kọjá àmì òkè, ó túbọ̀ dára ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí bó bá pọ̀ jù, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ á máa lù ú bí ẹni po ọṣẹ, á máa hó, ọ́ìlì tó ń hó kò sì lè bo irin dáadáa.

Àwọ̀ rẹ̀ náà ní ohun tó ń sọ. Bó bá dúdú, kì í ṣe ẹjọ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìdọ̀tí mọ́ra. Ṣùgbọ́n bó bá funfun rúsúrúsú bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú ọ́ìlì nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ gáásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló ti jó. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé àfi kí mẹkáníìkì wá bá a níbẹ̀. Bákan náà ni iná pupa tó dà bí agolo ọ́ìlì tó ń kán. Bó bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, kì í ṣe pé ó ń sọ pé kí wọ́n ra ọ́ìlì lọ́la, ohun tó ń sọ ni pé agbára tó ń ti ọ́ìlì kiri ti lọ sílẹ̀. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó ní “ẹ jẹ́ kí n ṣáà rọra fà á délé” ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn nọ́ọ̀kì.

Yíyí ọ́ìlì padà kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ ló ní kí ó tó kìlómítà 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Èkó, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta láìrìn ju ibùsọ̀ mélòó kan lọ, kò dára kí wọ́n dúró kọjá 5,000 yẹn. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ kí ọ́ìlì lè ṣàn, wọ́n á pa á, wọ́n á fi òkúta dí ẹ̀yìn táyà. Bí wọ́n bá fi jáàkì gbé iwájú sókè, wọn kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ àfi tí wọ́n bá ti fi ẹsẹ̀ irin tó lágbára tì í lẹ́yìn. Jáàkì máa ń yọ̀, búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé máa ń fọ́, ọkọ̀ kì í sì í bi èèyàn léèrè kó tó já lé e láyà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ṣí ìdérí òkè, wọ́n á tú bóòtù ìsàlẹ̀, wọ́n á gbe abọ́ sí i, wọ́n á jẹ́ kó kán tán pátápátá. Wọ́n á tú fílítà ọ́ìlì, wọ́n á fi ìka kan ọ́ìlì tuntun, wọ́n á fi ra ẹnu rọ́bà fílítà tuntun kó má baà lẹ̀, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì máa fi dì í, kì í ṣe sípánà. Wọ́n á dá bóòtù padà, wọ́n á bu ọ́ìlì sí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré onísílíńdà mẹ́rin kì í gbà ju nǹkan bíi lítà 4 lọ. Wọ́n á ṣáná fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á bojú wo abẹ́ bóyá ó ń jò, wọ́n á pa á, wọ́n á tún gééjì wò.

Irú ọ́ìlì wo ni kí wọ́n rà? Níbí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì gbà pé oòrùn ilẹ̀ wa le, nítorí náà, ọ́ìlì tó ki bíi 20W-50 ló dára fún gbogbo ọkọ̀. Fún Peugeot 504, ọ̀rọ̀ náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá nínú àwọn ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé tóóró gan-an, àwọn tó ṣe é sì ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, èyí tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná. Ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni kí wọ́n tẹ̀ lé, bí ìwé bá sì ti sọnù, lára àwọn ọkọ̀ mìíràn, wọ́n kọ ọ́ sára ìdérí tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí. Ayédèrú ọ́ìlì náà wà káàkiri, tí wọ́n ń sẹ́ ògbólógbòó ọ́ìlì, tí wọ́n á dá a padà sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní orúkọ ńlá lára. Kí wọ́n wo ọrùn kẹ́ẹ̀gì dáadáa, kí àwọn náà sì gé kẹ́ẹ̀gì òfìfo tiwọn sí méjì kí wọ́n tó jù ú nù, kí ẹlòmíràn má baà fi ta ìdọ̀tí fún ọmọnìkejì. (Ẹ jẹ́ kó yé àwọn awakọ̀ tó ń bọ Ògún pẹ̀lú, epo pupa tí wọ́n ń ta sílẹ̀ fún irin kò wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ti òrìṣà lọ́tọ̀, ti gééjì lọ́tọ̀.)

Èyí tó yí jáde ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù máa ń fi ra móòdù wọn, àwọn káfíńtà máa ń fi kun pákó nítorí ikán. Èyí tó burú ni dída á sí gọ́tà. Àjọ tó ń bójú tó àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ọ́ìlì tí wọ́n yí kúrò nínú ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba omi tó tó mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù jẹ́. Nínú àgbàlá tí kànga wà, ìdílé tó da ọ́ìlì sílẹ̀ lè wá mu ún padà.

Lẹ́yìn ọ́ìlì, omi. Omi ní tirẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ tó ń rú ooru lójú títì. Omi lásán ń hó tó bá dé 100 lórí ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ìdérí rádíétọ̀ kì í kàn ṣe ìdérí, ìmúlẹ̀ ló jẹ́: ó ń dí omi mọ́ inú débi pé kò ní hó àfi tó bá tó nǹkan bíi 120. Ìdí nìyí tí ẹni tó ṣí i nígbà tó gbóná fi ń fojú ara rẹ̀ gba omi híhó. Bí ìdérí náà bá ti ṣí, omi tí kò hó tẹ́lẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú jáde bí ìbọn. Ojú, àyà àti ọwọ́ ló máa ń bọ́. Kí ọkọ̀ tó gbóná sinmi fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n fi ọwọ́ kan páìpù rọ́bà òkè, bó bá ṣì le gbagidi tó sì ń jóni, kò tíì tó àkókò. Omi tútù tí wọ́n ń dà sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná kí ó lè tètè tutù náà burú, nítorí irin orí ẹ́ńjìnnì lè tẹ̀ tàbí kó sán.

Omi inú kànga tàbí ti borehole máa ń ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, ìpẹ́ funfun tó máa ń wà nísàlẹ̀ kẹ́tùlù náà ló ń lẹ̀ mọ́ inú rádíétọ̀, tí yóò dí i lójú. Omi kúláǹtì tí wọ́n pò mọ́ omi tó mọ́, ìdajì sí ìdajì, ló yẹ ẹ́ńjìnnì. Kò jẹ́ kó dípẹtà, kò sì jẹ́ kó tètè hó. Ẹni tó bá ń fi omi kún un lójoojúmọ́, kó má ṣe rò pé ìtọ́jú lòun ń ṣe. Omi yẹn ń gba ibì kan jáde, kí wọ́n wá ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tàmósítáàtì náà wà ńlẹ̀. Ohun kékeré kan ni tó ń dí omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ, nǹkan bíi 82 sí 90, kó tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ń yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ aláìdì ni ilẹ̀ wa, kò wúlò níbí. Ọkọ̀ náà kò ní gbóná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò lè gbóná dé ibi tó yẹ ń jẹ epo bí iná ọyẹ́, nítorí kọ̀ǹpútà á máa rò pé àárọ̀ ṣì ni, á máa rọ epo sí i. Nígbà tí wọ́n ń ta epo ní olówó pọ́ọ́kú, kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Ó ti wá ń hàn sí àpò báyìí.

Afẹ́fẹ́ ló kàn. Lítà epo kan ṣoṣo máa ń gba nǹkan bíi lítà 9,000 afẹ́fẹ́ kó tó lè jó tán. Gbogbo rẹ̀ ló ń gba inú fílítà bébà kan kọjá. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Kánò, Jọ́ọ̀sì àti Màídúgùrì mọ bí eruku ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, kí wọ́n máa yọ ọ́ wò lọ́sẹ̀ méjì-méjì, bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò bá lè gba inú rẹ̀ kọjá mọ́, kí wọ́n ra tuntun. Fífọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tàbí pẹtiróòlù ń ya bébà rẹ̀ ni, eruku á sì máa rí ọ̀nà wọlé lọ họ ara sílíńdà.

Púlọ́ọ̀gì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí wọ́n tú u nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí wọ́n wo ẹnu rẹ̀. Bó bá ní àwọ̀ eérú tàbí búráùn, àlàáfíà ni. Bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá tutù rinrin pẹ̀lú ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì ti ń mu ọ́ìlì nìyẹn, ó sì di ọ̀ràn mẹkáníìkì. Epo burúkú náà ń ba nǹkan jẹ́: kò sí ẹni tó ní ọkọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 tó máa gbàgbé epo tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ tí wọ́n kó wọ̀lú, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú sójú títì káàkiri. Ní ti bátìrì, bí ìyẹ̀fun funfun bá bo orí rẹ̀, omi gbígbóná díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì á fọ̀ ọ́ kúrò, wáyà tó ní àmì ìyọkúrò ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ tú.

Bẹ́líìtì kan wà tí ojú kì í rí, èyí tó ń mú òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì yí pọ̀. Camry onísílíńdà mẹ́rin tó wá láti Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1990 ń lo bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀. Corolla tó jáde níbẹ̀ láti ọdún 1998 ń lo ṣéènì. Ó yẹ kí onímọ́tò mọ èyí tó wà nínú tirẹ̀. Bẹ́líìtì ní ọjọ́ orí, bó bá já lójú ọ̀nà, ọkọ̀ á dúró gbọnin, nínú àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn, àwọn irin inú á gbá ara wọn, á di fífọ́. Pípààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ilé. Bíréèkì náà kì í ṣe iṣẹ́ ilé fún ẹni tí kò kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣáná ọkọ̀ sílẹ̀ nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì: gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó lè kìlọ̀, ó sì ń pa èèyàn bí ẹni sùn lọ.

Gbogbo èyí kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n lé mẹkáníìkì jìnnà. Ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ìmọ̀ tí ẹni tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kò ní. Ohun tó yí padà ni bí ìjíròrò wọn yóò ṣe máa lọ. Obìnrin tó bá gbé ọkọ̀ dé ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì, tó ní “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ń dún,” lè san owó ohun mẹ́ta kí wọ́n tó rí ẹyọ kan tó bà jẹ́. Èyí tó bá ní “Ẹ̀gbọ́n, omi ń dín bí ife kan lọ́sẹ̀, ọ́ìlì kò funfun, abẹ́ ọkọ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ èrò iwájú ń tutù,” ó ti júwe ibi tí omi ń jò sí fún un, ìyẹn rádíétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ sì ti kúrò nílẹ̀.

Ìwé eléwé ogójì kan tó wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀ ló kù. Wọ́n á kọ ọjọ́ tí wọ́n yí ọ́ìlì sí i, iye kìlómítà tó wà lójú mítà lọ́jọ́ náà, irú ọ́ìlì tí wọ́n lò, ọjọ́ tí wọ́n ra bátìrì, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Bí wọ́n bá ń ta ọkọ̀ náà lọ́jọ́ iwájú, ìwé yìí ni ẹni tó gbọ́n máa kọ́kọ́ béèrè fún, kó tó béèrè fún kọ́kọ́rọ́.